Títì Ni Tábìlì Ń Tẹ̀lé

Leeds
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òjò. Awwal àbúrò mi ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an ní Bàrígà, pé omi ti ń wọ yàrá àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ máa dúpẹ́. Ara tèmi le, bí a bá yọ ti ẹ̀yìn tó ń ro mí kúrò. Ilé àwọn arúgbó náà ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé àwọn bàbá òyìnbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń dì wọ́n lápá mú rìn. Bàbá tèmi wà nílé, mi ò mọ ẹni tó ń dì í mú.

Ẹ má tíì bínú. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ ẹsẹ̀ yín lórí fóònù, nẹ́tíwọ̀kì á bàjẹ́ lójijì. Mo ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo ti sọ ọ́ tẹkúntẹkún, mo ti bẹ ìmáàmù pé kó bá mi sọ ọ́. Dókítà ní egungun ìbàdí yẹn ti jẹ, kí ẹ lọ sí ọsibítù egungun ní Igbóbì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tó bá yẹ. Igbóbì tí kò jìnnà sí yín rárá. Ẹ ní ẹ ò lọ. Ó ti sú mi láti máa bẹ̀ yín. Ìjà ni mo fẹ́ bá yín jà báyìí.

Awwal sọ fún mi pé tábìlì wa ṣì wà ní pálọ̀, pé ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ẹ rántí bí a ṣe fi páálí kọ́ gbogbo títì Adéjìmí sórí rẹ̀, ilé wa, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wonder, títí kan òpó iná tó wọ́. Ẹ rántí mọ́tò ìṣeré tí a de ìṣó àti ọrùn bíírò mọ́ lórí bí ìbọn. Ìjà tí a ń jà nígbà tí físà mi jáde, a ò parí rẹ̀. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló kù fún wa, Pijó yín àti típà mi, kò sì sí èyí tí ìbọn tíì bà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nínú lẹ́tà, nítorí ẹ ò lè pa lẹ́tà bí ẹ ṣe ń pa fóònù. Kálukú á ta dáìsì tirẹ̀ nílé rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó máa bá mi sún típà. Bí mo bá borí, ẹ ó lọ sí Igbóbì, ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe níbẹ̀ ni ẹ ó ṣe. Bí ẹ bá borí, mi ò ní í dárúkọ ẹsẹ̀ yín mọ́ láéláé, kódà kí ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀.

Mo ta dáìsì, mo rí mẹ́rin. Ẹ sún típà kúrò ní ìkòríta, kó dojú kọ mọ́ṣáláṣí.

Ọmọ yín,
Àyìsátù


Bàrígà
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Karùn-ún, 2025

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Awwal tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn ní Ṣómólú, nítorí ojú tèmi kì í ṣe ojú tó ń ka nǹkan nínú fóònù. Wọ́n gé bébà náà wọ́. Ká ní mo ṣì wà nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà ni, ẹni tó gé irú rẹ̀ á ti mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Èmi fọwọ́ kọ tèmi, Awwal á yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ.

Ìwọ ọmọ yìí, o gbójú. Ta ló kọ́ ọ ní ìjà ọkọ̀? Ta ló ń ru àjẹkù páálí wálé láti ibi iṣẹ́, tí ìyá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ń pariwo pé a ti sọ pálọ̀ òun di ààtàn? Èmi lo fẹ́ fi dáìsì mú lọ sí ọsibítù. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ kí o má baà máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó rẹ: ẹ̀rù ọ̀bẹ kọ́ ló ń bà mí. Àyúbà ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fi irin sí ní ìbàdí, láti ìgbà náà, orí àga ló ti ń kírun. Ọkùnrin tí a jọ ń forí kanlẹ̀ láti kékeré, ó wá lọ jókòó sẹ́yìn bí àlejò tó wá wo ìyàwó. Èmi ò ní í jókòó níwájú Ọlọ́run mi. Ṣùgbọ́n mo gba ìjà rẹ. Bí o bá borí, n ó lọ. Bí mo bá borí, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi mọ́, ì báà jẹ́ lójú àlá.

Òfin wa ò yí padà. Bí mọ́tò bá ti kojú ara wọn, mẹ́rin sókè ni ìbọn ń bà. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ó bá ba mọ́tò, ó jóná. Àti pé títì ni tábìlì ń tẹ̀lé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní títì Adéjìmí gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì, bí a ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Láti ìgbà tí o ti lọ, wọ́n ti kun mọ́ṣáláṣí ní àwọ̀ ewé, mo ti kun tiwa náà. Atẹ́gùn gbé páànù ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wonder lọ, mo sì yọ páànù tirẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ti kàn án padà, èmi náà ti lẹ̀ ẹ́ padà.

Mo sún típà rẹ. O ya ẹnu sójú ìbọn mi gbọnran. Mo ta márùn-ún. Ó bà ọ́.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Mo kí yín tayọ̀tayọ̀, àmọ́ inú mi ò dùn. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni mo fi retí lẹ́tà yín, ìbọn ló wá bá a dé.

Bí egungun bá ń dun èèyàn, tí kò sì lọ tọ́jú rẹ̀, ṣé ìyẹn ni kò ní í sọ ọ́ sórí àga? Ṣùgbọ́n dáìsì ni a ní kó bá wa parí ọ̀rọ̀. Mo dákẹ́.

Mo ta dáìsì lórí tábìlì ìjẹun ibi iṣẹ́, mo rí mẹ́fà. Bàbá òyìnbó kan ń wò mí, ó ní ta ni mò ń bá ta á. Mo ní bàbá mi. Ó ní bàbá mi dà. Mo kó dáìsì sápò. Ìbọn ti ba Pijó yín. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ibi tó ti bó.

Àyìsátù


Bàrígà
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹfà, 2025

Àbẹ̀ní,

A ṣe Iléyà tán láyọ̀, a ò rí ọ jẹ ẹran. Awwal ní o fi ohun tí a fi ra àgbò ránṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń kí ọ. Ìmáàmù ya ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó béèrè rẹ dáadáa.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní títì, o sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ìjọba ìbílẹ̀ gbé kátàpílà dé, wọ́n la gọ́tà ńlá sí iwájú ilé wa, ó gba àárín títì kọjá lọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Mọ́tò kankan ò lè kọjá. Mo fojú ara mi rí i lọ́jọ́ Iléyà nígbà tí a ń lọ sí yídì. Pákó kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé e, ẹ̀rù sì ba gbogbo wa lórí rẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ, mo la gọ́tà náà sórí tábìlì, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n kó bá ti ìta mu.

Típà rẹ wà ní òdìkejì gọ́tà, Pijó mi wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Kí o tó lè rí mi bá jà, àfi kí o gba ọ̀nà ẹ̀yìn yípo. Èmi yọjú díẹ̀, mo ta mẹ́rin, ó bà ọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ọba bá kú, ọba mìíràn á jẹ, ṣùgbọ́n típà rẹ yìí, mi ò rí àrólé fún un.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo rí fọ́tò gọ́tà lórí tábìlì. Ó gún régé. Mo gba ẹ̀yìn yípo bí ẹ ṣe wí, mo ta márùn-ún láàárín ilé méjì, ó sì ba Pijó yín. Ẹ̀yin náà ku ẹyọ kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín tán.

Ẹ sáré dáhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ yín ò dúró dè wá.

Àyìsátù


Bàrígà
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Keje, 2025

Àbẹ̀ní,

Má fi lẹ́tà lé mi kiri bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Èmi kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Mo ti sún Pijó wọ àárín mọ́ṣáláṣí àti ògiri. Ẹ̀yìn ò ṣeé gbà débẹ̀ fún ohun tó tóbi tó típà. Iwájú nìkan ló kù, iwájú sì ni gọ́tà wà. Nígbà tí wọ́n bá bo gọ́tà ní títì, n ó bò ó lórí tábìlì, o lè wá máa bọ̀. Títí di ìgbà náà, èmi ti jókòó.

Bàbá rẹ


Leeds
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Keje, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níkùn mi.

Mo dúró títí oṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ohun tí mo rí gbà ni pé ẹ ti jókòó. Kọ́ńgílà wo ló ń ṣe gọ́tà títì kékeré bẹ́ẹ̀ láti Iléyà, tí kò tíì parí rẹ̀? Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nílùú wa, mo mọ̀ pé wọ́n lè la títì sílẹ̀ kí wọ́n sá lọ. Àmọ́ mo tún mọ̀ yín. Ẹ ò fẹ́ lọ sí Igbóbì. Ẹyọ ìbọn kan ló kù kí ẹ lọ, gọ́tà kan sì wà tó ń gbà yín sílẹ̀.

Ẹ foríjì mí tí ẹ bá rí i bí àfojúdi. Mo ti bẹ Saheed ọ̀rẹ́ mi ní Àkọkà pé kó dé títì Adéjìmí kó lọ wo gọ́tà náà fún mi. Tí ó bá ṣì wà níbẹ̀, n ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ ó mọ̀ pé òfin tí ẹ kọ́ mi ni mo tẹ̀lé.

Àyìsátù


Bàrígà
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Keje, 2025

Àyìsátù,

O rí i pé mi ò pè ọ́ ní Àbẹ̀ní.

Ọmọ tí mo bí ló ń rán ẹlòmíràn lọ wo títì, bóyá bàbá òun ń purọ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi gé bébà ní Ṣómólú, kò sí oníbàárà kan tó fi rúlà wọn iṣẹ́ mi lẹ́yìn mi. Wọ́n á gbà á, wọ́n á máa lọ. Ìwọ tí mo gbé lé ẹsẹ̀ kọ́ ní bí a ṣe ń fi gọ́ọ̀mù lẹ páálí, ìwọ lo wá fẹ́ wọ̀n mí wò. Tí mo bá fẹ́ rẹ́ ọ jẹ, ṣé mi ò lè sọ pé dáìsì mi já mẹ́fà lójoojúmọ́ ni? Ta ló wà níbí tó máa mú mi?

Gọ́tà wà níbẹ̀. Mo ti fi aṣọ bo tábìlì. Má kọ̀wé sí mi mọ́ lórí eré yìí.

Isiaq


Leeds
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹjọ, 2025

Bàbá mi, ẹni tó gbé mi lé ẹsẹ̀,

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò gbé e. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó ya á.

Saheed ti lọ. Ó pè mí láti títì Adéjìmí gan-an, mo sì ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní gọ́tà wo. Ó ní wọ́n ti da kọnkéré bò ó, wọ́n ti tún títì ṣe, pé Ìyá Wonder ní láti ìparí oṣù kẹfà ni mọ́tò ti ń kọjá. Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi iṣẹ́. Mo ní bàbá mi purọ́ fún mi, ó tún fi ìbínú lé e.

Lẹ́yìn náà ló gòkè wá kí yín, bí ọmọlúàbí. Ó ní ẹ dá òun lóhùn dáadáa, pé ẹ ò tilẹ̀ bá òun jà pé èmi ni mo rán òun. Ó ní ẹ bi òun pé, "Báwo lo ṣe rí pákó orí gọ́tà yẹn rìn?" Ó ní òun rò pé àwàdà ni, òun ń rẹ́rìn-ín, ẹ tún bi òun lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wá pe Awwal, mo sì halẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi jẹ́wọ́ pé ẹ ti mú òun búra pé òun ò ní í sọ. Láti ọjọ́ Iléyà tí ẹ ti fi pákó yẹn sọdá tí ẹ sì fi ìrora wálé, ẹ ò tíì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Jímọ̀ kan ẹ ò lọ. Fèrèsé wa ń wo ẹ̀yìnkùlé, ibo ni ẹ ó ti rí títì? Gọ́tà tí ẹ rí gbẹ̀yìn lẹ ṣì ń ṣọ́ fún mi lórí tábìlì.

Saheed tún sọ nǹkan kan. Ó ní àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa tó kọjú sí gábáàsì, tẹ̀sùbáà sì wà lórí apá rẹ̀.

Bàbá mi, ẹ ò purọ́. Ẹ ò mọ̀ ni. Èmi ni mo gbójú, mo sì tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ yín. Àmọ́ inú ń bí mi sí yín síbẹ̀síbẹ̀, mi ò ní í fi pamọ́. Ẹ ò fẹ́ kí n dárúkọ ẹsẹ̀ yín, ẹ tún ní kí Awwal má dárúkọ rẹ̀, ẹ wá jókòó sínú ilé nìkan pẹ̀lú rẹ̀. Ta ni ó wá bá yín dárúkọ rẹ̀?

Títì ni tábìlì ń tẹ̀lé. Títì ti ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí aṣọ lórí tábìlì, ẹ bo gọ́tà, kí típà mi máa bọ̀ ní iwájú. Mi ò ní í ta dáìsì níbí. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi ta á. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ fún mi pé ó jẹ́, òun ló jẹ́.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀ní, bí ẹ bá ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀


Bàrígà
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹjọ, 2025

Àbẹ̀ní,

Awwal ti gba èébú tirẹ̀. Saheed náà, sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, ṣùgbọ́n kó tún máa yà kí mi. Mo bi Awwal ìdí tí kò fi sọ fún mi pé títì ti ṣí. Ó ní mi ò bi òun. Ọmọ tó ń gba orí títì náà kọjá lójoojúmọ́.

Mo bo gọ́tà. Mo fi páálí tuntun dí i, mo fi yanrìn kùn ún lójú, mo ní kí Awwal lọ ya fọ́tò títì wá kí n lè mọ àwọ̀ tó ní. Ó gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta nítorí mi ò lè dúró pẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo ń wo títì tèmi nínú fọ́tò bí ẹni ń wo ìlú àjèjì. Àwọn èèyàn ti gbé àga síta níwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń ṣe fàájì. Inú bí mi. Títì Adéjìmí yí padà, àjò kọ́ ni mo lọ, mi ò sì mọ̀.

Ti àga, òótọ́ ni. Mo ń sá fún àga, mo sì ti wà lórí rẹ̀. Mo ti ń jókòó kírun kí ẹnikẹ́ni tó fi irin sí mi lára.

Mo wá sún típà rẹ wá sí iwájú mọ́ṣáláṣí, ojúkojú. Mo mú dáìsì tìrẹ, mo ní bísímílà, mo ta á fún ọ lójú Awwal. Ó já ẹyọ kan. Má sọ pé kí n tún un ta. Mo wò ó títí, bí ẹni pé wíwò á pa á dà. Awwal ní kí n kàn sọ fún ọ pé mẹ́rin ni. Mo ní kó jáde fún mi.

Ó wá kan èmi. Mo ta tèmi. Ó já márùn-ún. Típà rẹ jóná, Àbẹ̀ní. Mo borí.

Nítorí náà, bí a ṣe jọ ṣe àdéhùn rẹ̀, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹsẹ̀ mi mọ́ láéláé, nínú lẹ́tà tàbí lórí fóònù. N ó sì mú ọ dúró lórí rẹ̀.

Èmi ni mi ò ṣe àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni pé mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà èmi ni mo ń sọ ọ́ báyìí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ọmọ mi. Ó ń dùn mí gan-an. Awwal ti gba ọjọ́ fún mi ní Igbóbì, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí. Òun àti Saheed ni wọ́n máa dì mí mú sọ̀kalẹ̀.

Kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ, kọ̀wé nípa ẹ̀yìn rẹ tó ń ro ọ́. Ti ẹsẹ̀, dákẹ́ sí mi.

Bàbá rẹ